Kí A Tó Fa Ìlà Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ sí Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹ̀yìn Màrínà ní Àgbádárìgì ni mo ń gbé, níbi tí ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ti máa ń jí mi kí àkùkọ tó kọ. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó sì ní kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́. Láti ìgbà náà ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan, tí àìsàn kan náà tàbí ọjọ́ orí kan náà so pọ̀, ti ń pàdé létí omi ní agogo mẹ́fà àárọ̀, tí a ń rìn lọ, tí a sì ń rìn padà kí oòrùn tó mú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú lẹ́tà yìí kò ṣẹ̀yìn ìrìn náà.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ibi tó ṣe é rìn létí ọ̀sà kò gùn tó. Bí ènìyàn bá ti kúrò níbi tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́, inú ẹrẹ̀ ló kàn, tàbí ojú títì tí ọ̀kadà ti ń sáré àsápajúdé. A wá rò ó pé ó yẹ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan gba etí omi lọ láti Màrínà títí dé ìhà Topo, níbi tí ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, wà. Kí igi máa ṣíji bò ó, kí koríko má jẹ́ kí ilẹ̀ gbóná, kí arúgbó rí ibi jókòó, kí ọmọdé rí ibi sáré, kí ọkọ̀ má sì gba ibẹ̀ rárá. Ẹnì kan nínú wa tó fi iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì gbé fóònù rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì fi ìlà pupa kan hàn wá, èyí tó ti fà sórí àwòrán ìlú wa tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan. Gbogbo wa yìn ín, a sì fẹnu kò pé a ó fi í ránṣẹ́ sí káńsù.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè ohun tí ìlà pupa yẹn gba orí rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kejì, mo fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ títí ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Ó gba orí ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Ó gba abẹ́ àtíbàbà tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ti ń dí ihò ara ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ó gba ojú àwọn èbúté kéékèèké tí kò ní orúkọ lórí àwòrán kankan, àmọ́ tí gbogbo ẹni tó ń ta ẹja ní àdúgbò mọ̀ ní orúkọ. Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ibì kan tó jẹ́ pé àwọn àgbà Ògù, tí àwọn kan ń pè ní Ẹ̀gùn, nìkan ló lè sọ ohun tó wà níbẹ̀, tí èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá tó wá fi ìlú yìí ṣe ilé kò sì ní fẹnu mi sọ. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè kò lè rí nǹkan wọ̀nyí. Òrùlé àti orí igi ló rí.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Mo fẹ́ ọ̀nà náà gidigidi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀tá rẹ̀ ni mí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a kọ́kọ́ lọ bi àwọn tó ń fi etí omi jẹun, kí ìlà tó di ohun tí a fi ránṣẹ́ sí ìjọba, torí pé bí ìlà bá ti dé orí ìwé ìjọba pẹ̀lú òǹtẹ̀, àlàyé ni wọn yóò máa wá ṣe fún wa lẹ́yìn náà, wọn kì í wá gba ìmọ̀ràn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ nípa èbúté, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ apẹja máa ń dẹ àwọ̀n, ìdájí ni wọ́n sì máa ń kó o. Ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ láti nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ títí di agogo méje, àwọn obìnrin a ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbada àti apẹ̀rẹ̀, wọn a ná ẹja níbẹ̀, wọn a sì gbé e lọ sí ìdí ààrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Wákàtí kan náà gan-an ni àwa ẹlẹ́jẹ̀ ríru yan láti máa fi apá jù síwá sẹ́yìn lójú ọ̀nà wọn. Lónìí, a ń yà fún wọn nítorí pé ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó ní in ju ẹnìkejì lọ. Bí a bá wá fi kọnkéré ṣe ọ̀nà tó ní etí gíga, tí a tún fi irin ṣe ọgbà sí i kí àlejò má baà jábọ́ sínú omi, ọkọ̀ kò ní rí ibi gòkè mọ́. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wúwo nígbà tó bá mu omi. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń wọ́ ọ, etí kọnkéré tí kò ju ìka ọwọ́ kan lọ sì tó láti dá wọn dúró.

Mo bi apẹja kan léèrè pé báwo ni òun yóò ṣe ṣe é bí ó bá jẹ́ òun ni wọ́n fún ní ìwé àti pẹ́ńsù. Ó ní kí ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, kí ẹlẹ́sẹ̀ sì dúró de ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ṣe ń dúró de rélùwéè. Ó tún ní bí ó bá pọn dandan kí a ṣe ọwọ́ ìdìmú, kí a ṣe é ga, kí ó sì le tó èyí tí àwọn lè sá àwọ̀n sí lórí, kí àwọn má baà máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún àwa láti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé kì bá tí ronú kan èyí láéláé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í, kò sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn èbúté, omi fúnra rẹ̀. Ọ̀sà wa kì í ṣe omi tó dúró sójú kan. Odò Yewa ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti òkè, omi ń ti ìhà Porto-Novo bọ̀ wá bá a, iyọ̀ òkun sì ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, omi náà a pọ̀, a ga, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì dín kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ a sì yọ síta. Ẹni tó bá wá wọn ilẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yóò rò pé ilẹ̀ gbígbẹ ni òun rí, òun náà ni yóò sì fi bàtà lé orí nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá dé, tàbí ti oṣù kẹwàá tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn ará ibẹ̀ mọ ibi tí omi ń dé dáadáa. Wọ́n mọ̀ ọ́n lára ògiri, lára ìdí àgbọn, àti lára ibi tí wọn kì í dá ààrò sí.

Ẹ̀kejì ni ti ewéko olódòdó elésè àlùkò tó ń léfòó, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní water hyacinth. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà, inú ọ̀sà Àgbádárìgì yìí gan-an sì ni wọ́n ti rí i, nígbà tó bá omi wọlé láti ìhà Porto-Novo. Láti ìgbà náà kò tíì jẹ́ kí a sinmi. Bí omi bá ti di aláìníyọ̀, a tẹ́ bí ẹní sórí ọ̀sà, a dí èbúté, a lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a kú, a sì jẹrà sí etí omi pẹ̀lú òórùn tí n kò lè ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí àwọn ènìyàn ń kà nídìí oúnjẹ. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí kò ní àyè tí a lè gbà fa ewéko náà gòkè yóò di ògiri tó ń kó o jọ síwájú wa. Àwọn awakọ̀ ojú omi mọ kọ̀rọ̀ tó ti máa ń kó jọ sí. N kò rò pé ó wà nínú ìwé kankan tí wọ́n lè yá ní káńsù.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbà, igi etí omi tí àwọn òyìnbó ń pè ní mangrove. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí igi ẹ̀gbà pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó rí bí ẹsẹ̀ akàn nínú ẹrẹ̀ máa ń sọ pé igbó ni, kí wọ́n gé e kí ojú lè ríran. Gbòǹgbò yẹn ló di ẹrẹ̀ mú kí ìgbì ọkọ̀ má baà jẹ ẹ́ tán, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja àti edé ti ń sá pamọ́ títí wọn yóò fi dàgbà tó ohun tí àwọ̀n lè kó. Níbi tí ẹ̀gbà àti àbàtà bá wà, kí ọ̀nà má ṣe kún ilẹ̀, kí ó gun orí òpó, kí omi máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti dé ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá tó wà ní Lekki, èyí tó ti wà láti 1990, yóò ti rí ọ̀nà onípákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà níbẹ̀, tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ láìtẹ ẹrẹ̀. Pákó máa ń jẹrà lóòótọ́, àní igi ekki tó le bí irin pàápàá ní ọjọ́ tirẹ̀, nítorí náà kí a ka owó àtúnṣe mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti gbẹ, igi furúùtù ni kí a gbìn fún òjìji. Mo mọ̀ pé Àgbádárìgì àti àgbọn kò ṣe é yà nípa, àmọ́ ẹni tó bá gbé àga arúgbó sí abẹ́ igi àgbọn kò fẹ́ràn arúgbó náà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo ń tẹnu mọ́ ìbéèrè bíbi tó báyìí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí ni. Kí n tó kó wá sí ẹ̀yìn Màrínà, mo gbé ní àdúgbò mìíràn, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti wá ṣe gọ́tà ńlá kan tí wọ́n sì fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bo orí rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé. Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè é, nígbà tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà níbi iṣẹ́, nínú gbọ̀ngàn tó jìnnà sí àdúgbò náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe gbogbo àlàyé. Wọ́n pín ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, a kọ orúkọ wa sínú ìwé kan, a fọwọ́ sí i, wọ́n sì ya fọ́tò. Ìgbà tó yá ni a gbọ́ pé ìwé tí a fi hàn pé a wá síbi ìpàdé náà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé àwọn ará àdúgbò ti fara mọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n kọ́ gọ́tà náà tán, etí rẹ̀ ga ju ẹnu ọ̀nà ilé wa lọ. Òjò ńlá àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà kò ríbi gbà, yàrá mi ló gbà, ó sì ba àpótí ìwé tí mo fi kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún iṣẹ́ mi jẹ́. Màmá kan wà ní ilé kejì sí tiwa tí ó ti fi ẹfun fa ìlà sára ògiri rẹ̀ síbi tí omi máa ń dé lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ìlà ẹfun yẹn ń bẹ lójú mi ju fọ́tò tí wọ́n yà lọ.

Nítorí náà, bí ìpàdé yóò bá wà lórí ọ̀nà etí ọ̀sà yìí, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe rèé. Kí ìpàdé náà wá bá àwọn ènìyàn létí omi, kí ó má jẹ́ pé àwọn ni yóò wá a lọ. Kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí àwọ̀n tó wọ omi, kí ó má sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà Agbálátà, nítorí pé ọjọ́ náà kò ní sí ìyàwó apẹja kankan nílé. Kí a fi èdè Ògù ṣe é ṣáájú, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kì í ṣe kí a fi Yorùbá ṣe é kí a wá fi Ògù ṣe ìdúpẹ́ ní ìparí. Èmi tí mo ń sọ èyí kò gbọ́ Ògù já gaara, ojú sì ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, àmọ́ èdè mi kọ́ ni èdè ibi tí a fẹ́ la ọ̀nà sí. Àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú náà pín sí láti ayébáyé, Jegba, Posukoh, Boekoh, Ahovikoh àti àwọn yòókù, wọ́n sì ní olóyè tiwọn. Bí a bá pe ìpàdé kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ẹni tí fìlà rẹ̀ bá tóbi jù ni yóò sọ̀rọ̀ jù. Kí a bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Mo ti jókòó ní ìpàdé púpọ̀ tí àwọn obìnrin kò ti sọ ohunkóhun, tí wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lójú ọ̀nà nígbà tí a ń padà bọ̀.

Ju ìpàdé lọ, kí a rin ìlà náà. Okùn àti èèkàn kò wọ́n. Kí a na okùn síbi tí a rò pé ọ̀nà yóò gbà, kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tí ó bá dí lọ́nà fa èèkàn tu, kí ó gún un síbi tó rò pé ó yẹ, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí a bá yàn láti kọ ọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn tí a ń sọ nípa wọn kò lè ka àwòrán ilẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí kò lè ka okùn. Lẹ́yìn náà kí a padà wá sọ fún wọn, lẹ́nu àti ní orí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti káńsù, ohun tí a gbà nínú ọ̀rọ̀ wọn, èyí tí a kò gbà, àti ìdí tí a kò fi gbà á. Apá tó kẹ́yìn yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń fò.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi: pé bí a bá ní kí a bi gbogbo ènìyàn, ọmọ ọmọ wa ni yóò rìn lórí ọ̀nà náà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. N kò sọ pé kí ìbéèrè má ní òpin; oṣù mẹ́ta tó, bí ó bá jẹ́ pé oṣù kan nínú wọn bọ́ sí àkókò òjò kí gbogbo wa lè fojú rí omi. N kò sì ní tan ara mi jẹ pé gbogbo ohùn tó bá jáde ní ìpàdé ló mọ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kan yóò wá, tí wọn yóò máa sọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dálẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé wọ́n ti ta etí omi náà fún ẹni tó ń dúró kí ọ̀nà dé kí ó lè kọ́ ilé ìtura. Ibi tí a ti lè mọ̀ wọ́n ni ibi okùn, nítorí pé wọn kì í mọ ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni etí omi pàápàá kò rọrùn. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Àjọ méjì ló ń bójú tó ọ̀nà omi: NIWA, tí òfin 1997 dá sílẹ̀, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, LASWA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 sì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn méjèèjì ti fa àṣẹ lórí omi títí tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi dá a fún NIWA ní oṣù kìíní ọdún 2024. Lábẹ́lé, ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì wà, àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Badagry West àti Olorunda sì tún wà. Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká sì fún àwọn ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ wa má baà rò pé lẹ́tà kan sí káńsù ti tó. Ẹ̀dà mẹ́ta ó kéré tán ni a ní láti tẹ̀.

Wọ́n ti ṣe irú nǹkan báyìí níbòmíràn. Ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà, láàárín 2003 sí 2005, wọ́n wó títì olókè tó bo odò Cheonggyecheon mọ́lẹ̀, wọ́n ṣí odò náà sílẹ̀ fún nǹkan bíi kìlómítà 5.8, wọ́n sì ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ń lọ wò ó. Apá ìtàn rẹ̀ tó wọ̀ mí lára ni ti àwọn oníṣòwò ẹ̀bá ibẹ̀ tó fi ẹ̀hónú hàn, tí ìjọba ìlú náà ní láti bá sọ̀rọ̀ léraléra, àti ti àwọn tó ń pàtẹ sí ẹ̀bá títì tí wọ́n kó lọ síbòmíràn. Àwọn ará Singapore gbà á ní ọ̀nà mìíràn: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó so ọgbà wọn pọ̀ ti ju kìlómítà 300 lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kánáàlì, lórí ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sí ẹni tí wọ́n ń lé kúrò níbẹ̀. Tiwa yàtọ̀ sí méjèèjì, torí pé etí omi wa kò ṣófo rí.

Àwọn àlejò tó ń wá wo ìtàn wa ti ń rìn létí omi náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, wọ́n ń wo ilé ọnà tó wà nínú ọ́fíìsì àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1863, wọn a sì wọ ọkọ̀ sọdá sí Gberefu, tí a tún ń pè ní Yovoyan, láti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n fi ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ọ̀nà tuntun yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní, owó wọn yóò sì ṣe ìlú ní àǹfààní. Mo kàn ń bẹ̀ wá pé kí a má ṣe ya ọ̀nà náà fún àlejò tó ń lo wákàtí méjì kí a tó yà á fún ẹni tó ń lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan kù tí kì í wọ inú àwòrán ẹlẹ́wà. Ilé ìyàgbẹ́ ni àkọ́kọ́. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn kan ń lo etí omi fún ní ìdájí, bí a kò bá sì kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tó ní omi, tó sì ní ẹni tó ń fọ̀ ọ́, ìtànná tí a bá gbìn yóò kàn jẹ́ ibi ìfarapamọ́ ni. Ọ̀kadà ni èkejì. Bí a bá ri òpó mọ́ ẹnu ọ̀nà láti dá ọ̀kadà dúró, a ó dá ọmọlanke àwọn ẹlẹ́ja dúró pẹ̀lú, nítorí pé ìbú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kẹ̀kẹ́ arọ náà kò sì ní lè wọlé. Ènìyàn ni yóò ṣọ́ ibẹ̀, kì í ṣe òpó. Nípa ti òru, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iná sólà, ó dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ Àgbádárìgì mọ̀ pé Zangbeto, egúngún olùṣọ́ àwọn Ògù, ti ń ṣọ́ òru níbẹ̀ kí a tó bí ẹni tó ṣe sólà. Kí a lọ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbà àti àkókò tí wọn kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ àlejò wà níta, kí a sì kọ ọ́ sí ara pátákó ní èdè mẹ́ta. Ó sàn ju kí onírìn-àjò kan lọ kọ́ ọ ní agogo méjìlá òru.

Mo ti bá ẹlẹgbẹ́ wa tó ya ìlà pupa náà sọ̀rọ̀. Kò bínú; ó ní bí òun bá ti mọ̀ pé ààrò wà níbẹ̀ ni, òun ì bá ti tẹ ìlà náà gba ẹ̀yìn rẹ̀. A ti fẹnu kò pé a kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí káńsù báyìí ná. Ó ti ra okùn, èmi ti bẹ káfíńtà kan láti gé èèkàn 60 fún wa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, láti ibi tí kọnkéré Màrínà parí sí. Bàbá àgbà kan láti Posukoh àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja méjì ti gbà láti ṣáájú wa. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín tó bá ń gbé ìtòsí, tàbí tó bá ń ṣiṣẹ́ ní èyíkéyìí nínú àwọn àjọ tí mo dárúkọ, lè wá bá wa níbẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà, nítorí pé ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn èbúté kejì ń gbé bàtà lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀yìn Màrínà, Àgbádárìgì, Ìpínlẹ̀ Èkó.